Psoriasis àti kòkòrò àìfojúrí: ohun tí ìwádìí rí nínú ìpẹ́ ara

Bí ìròyìn bá ti tàn ká lórí WhatsApp pé àwọn olùwádìí rí kòkòrò lára awọ ẹni tó ní psoriasis, ìyẹn àrùn awọ tó ń yọ ìpẹ́, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn máa ń gbà lọ. Wọ́n á ra Ampiclox, wọ́n á ra kírímù làpálàpá, wọ́n á ra ọṣẹ apakòkòrò mọ́ ọn. Nílé, àwọn ẹbí á ti ya ife, tówẹ̀lì àti ìrọ̀rí aláìsàn sọ́tọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí ìwádìí ní kí wọ́n ṣe. Owó ń ṣòfò, awọ ń bàjẹ́ sí i, wọ́n sì ń sá fún ẹni tí kò ní ohun tó lè kó ràn wọ́n. Ohun ìbànújẹ́ ni, torí pé bí ènìyàn bá lóye ìwádìí náà dáadáa, òun gan-an ló máa jẹ́ kó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí: kòkòrò lè ta psoriasis jí, ó sì lè mú kó le sí i, ṣùgbọ́n psoriasis kì í ṣe àrùn kòkòrò bíi làpálàpá tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọwọ́ ètò ààbò ara ni ẹjọ́ rẹ̀ wà.

## Kí ni kòkòrò àìfojúrí, kí sì ni psoriasis?

Kòkòrò àìfojúrí ni àwọn nǹkan tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Mẹ́ta la máa dárúkọ níbí: bakitéríà, irú èyí tó máa ń fa ọ̀fun dídùn, fọ́ńgọ́ọ̀sì, irú èyí tó ń fa làpálàpá, àti fáírọ́ọ̀sì, irú bíi HIV. Ọ̀kẹ́ àìmọye bakitéríà àti fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń gbé lórí awọ gbogbo wa, tọmọdé tàgbà, tí wọn kò sì ṣe wá ní nǹkan kan.

Ní ti psoriasis, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí awọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ awọ ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń jáde. Á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á máa gbó bó ti ń lọ, títí á fi dé òkè pátápátá tí á sì bọ́ dànù lójú ìwẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ìrìn yìí ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4. Níbi tí psoriasis bá wà, nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 péré ni. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó ló ń dé òkè, kò lè bọ́ bó ṣe yẹ, wọ́n á wá máa gun ara wọn lórí títí wọ́n á fi di ìpẹ́ tó nípọn, tó funfun tàbí tó ń dán bíi fàdákà.

Ọ̀pọ̀ àwòrán inú ìwé ìṣègùn jẹ́ ti awọ òyìnbó, níbi tí ojú ibẹ̀ ti pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, abẹ́ ìpẹ́ náà sábà máa ń dúdú ju awọ yòókù lọ, tàbí kó ní àwọ̀ elésè àlùkò tàbí àwọ̀ eérú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pè é ní nǹkan mìíràn fún ọdún púpọ̀. Ibi tó fẹ́ràn jù ni ìgbúnwọ́, orúnkún, orí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, inú ìdodo àti èékánná. Èékánná lè ní ihò wẹ́wẹ́ tí kò jìn, tàbí kó gbé sókè kúrò lára ẹran abẹ́ rẹ̀. Oríkèé àwọn mìíràn máa ń wú, ó sì máa ń dùn wọ́n, pàápàá láàárọ̀.

## Ta ló wá ń dá ìjà sílẹ̀?

Ká ní àdúgbò kan wà ní Mọ́kọlà tí wọ́n gba ọdẹ sí. Lóru ọjọ́ kan, olè wọlé, ankara tí àwọn ọmọ àdúgbò dá fún ìnáwó ló sì wọ̀. Ọdẹ rí i, ó fọn fèrè, àwọn ọdẹ yòókù tú jáde, wọ́n lé e lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ onílé kankan bá ti wọ ankara yẹn kọjá, fèrè á dún, àwọn ọdẹ á tú jáde, ilẹ̀kùn á fọ́, ilé á dàrú. Olè ti lọ tipẹ́. Àwọn ọdẹ ló ń fa gbogbo wàhálà tó kù.

Bí psoriasis ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kòkòrò ni olè. Sẹ́ẹ̀lì ààbò ara ni ọdẹ. Fèrè ni àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ààbò fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tí dókítà ń pè ní TNF, IL-23 àti IL-17. Àwọn èròjà yìí ló ń sọ fún awọ pé kó máa pèsè sẹ́ẹ̀lì tuntun lásáré. Jíìnì tí a jogún lọ́wọ́ òbí ló ń pinnu ẹni tí ọdẹ inú ara rẹ̀ máa ń tètè ṣi ènìyàn mú. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní HLA-C*06:02. Bó ṣe wà nìyẹn tí ọmọ ìyá méjì fi lè ní ọ̀fun dídùn kan náà, tí ara ọ̀kan á yá lọ́sẹ̀ kan, tí psoriasis á sì yọ sí ara èkejì.

## Kí ni wọ́n rí nínú ìpẹ́ ní Kiel?

Ohun kan ti ń ya àwọn dókítà awọ lẹ́nu tipẹ́. Awọ ẹni tó ní èkísímà máa ń la, bakitéríà tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus a sì máa wọ ibẹ̀, kó di egbò tó ń ṣomi. Awọ psoriasis náà ń la, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá họ ọ́, síbẹ̀ kì í sábà di egbò kòkòrò. Kí ló ń dáàbò bò ó?

Lọ́dún 1997, Jürgen Harder, Jens-Michael Schröder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kiel, lórílẹ̀-èdè Jámánì, gbé ìdáhùn jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature. Wọ́n gba ìpẹ́ tó ń bọ́ lára àwọn aláìsàn jọ, èyí tí àwa máa ń gbọn dànù lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, wọ́n sì fún oje rẹ̀ jáde. Wọ́n wá so bakitéríà E. coli mọ́ inú ọ̀pá kan, wọ́n da oje náà gba inú ọ̀pá kọjá. Èròjà tó bá ń bá kòkòrò jà á lẹ̀ mọ́ ọn, ìyókù á ṣàn lọ. Ohun tó lẹ̀ ni èròjà tí wọ́n ń pè ní human beta-defensin 2. Awọ ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń pèsè rẹ̀ nígbà tí kòkòrò bá fara kàn án. Ó ń pa E. coli, ó ń pa bakitéríà mìíràn tó ń jẹ́ Pseudomonas, ó sì ń pa Candida tí í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n kò rí Staphylococcus aureus pa dáadáa. Ó kàn ń dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró ni. Lọ́dún 2001, ikọ̀ Kiel yìí tún rí beta-defensin 3 nínú ìpẹ́ psoriasis, èyí sì lè pa Staphylococcus aureus.

Èròjà mìíràn tún wà tó ń jẹ́ psoriasin. Awọ psoriasis ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1991. Lọ́dún 2005, àwọn ará Kiel yìí kan náà fi hàn pé òun ni kì í jẹ́ kí E. coli ráyè lórí awọ wa: ó máa ń gba zinc mọ́ kòkòrò náà lọ́wọ́, kòkòrò náà kò sì lè yè láìsí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí díẹ̀. Awọ ẹni tó ní psoriasis ń pèsè oògùn apakòkòrò ti ara rẹ̀, ó sì ń pèsè rẹ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ. Ẹni tó wá ń da antibáyótíìkì lé e lórí ń fún un ní ohun tó ti ní lápọ̀jù.

Àpọ̀jù yẹn gan-an wá ní ìṣòro tirẹ̀. Èròjà apakòkòrò mìíràn tí awọ ń pèsè ni LL-37. Lọ́dún 2007, ìwádìí kan fi hàn pé LL-37 máa ń so mọ́ DNA tó ń jáde lára sẹ́ẹ̀lì wa tó ti kú, á sì gbé e wọ inú sẹ́ẹ̀lì ààbò. Sẹ́ẹ̀lì ààbò á rò pé fáírọ́ọ̀sì ló wọlé, ló bá fọn fèrè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwádìí mìíràn rí i pé bí ẹ̀dà jíìnì beta-defensin tí ènìyàn jogún bá ṣe pọ̀ tó ni ewu psoriasis rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ohun ìjà tó yẹ kó gba awọ là ti wá di ohun tó ń bá a jà.

## Kòkòrò wo ló ń ta á jí?

Èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni Streptococcus pyogenes, bakitéríà ọ̀fun dídùn. Ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ á ní ibà, ọ̀fun á máa dùn ún, kò ní lè gbé òkèlè mì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1 sí 3, àmì kéékèèké tó rí kíríbítí, tó ní ìpẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á yọ sí àyà, ikùn àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí tí bakitéríà yìí fi burú ni pé èròjà kan tó bo ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní M protein, jọ keratin, ìyẹn èròjà tó ń fún awọ wa lágbára. Ankara tí olè wọ̀ nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ààbò tó kọ́ láti bá a jà nínú bẹ̀lúbẹ̀lú, ìyẹn ẹran kéékèèké méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, á wá rìn dé awọ, á sì kọjú ìjà sí keratin.

Ní Iceland, wọ́n dán nǹkan kan wò tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012. Aláìsàn 29 tí psoriasis wọn máa ń le sí i nígbàkígbà tí ọ̀fun bá dùn wọ́n ni wọ́n lò. Wọ́n gé bẹ̀lúbẹ̀lú 15 nínú wọn, wọn kò gé ti àwọn tó kù. Ara 13 nínú àwọn 15 náà fúyẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣe tìtorí èyí gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé bẹ̀lúbẹ̀lú nílé o. Ẹran kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀fun ni àwọn yẹn sábà máa ń gé, kì í ṣe èyí tí à ń sọ, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà débi ikú. Dókítà ọ̀fun ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, fún ìwọ̀nba ènìyàn tí ọ̀rọ̀ tiwọn bá bá a mu.

Bí ọ̀fun bá ń dùn, tí àyẹ̀wò sì fi Streptococcus hàn, ó yẹ kí wọ́n fi antibáyótíìkì tọ́jú ọ̀fun náà kó jinná pátápátá. Pé antibáyótíìkì yẹn á pa psoriasis tó ti yọ rẹ́, ìyẹn ni kò sí ẹ̀rí gidi fún.

Malassezia ni fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń gbé ní orí gbogbo wa, òróró inú awọ orí ló ń jẹ. Bí psoriasis bá ti wà ní orí, ó lè mú kó yún sí i. Ṣampúù ketoconazole 2% lè dín in kù: ẹ fi fọ orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó ṣàn án. Ìpẹ́ tó nípọn kò ní tìtorí ìyẹn lọ. Ní abẹ́ ọmú, abíyá àti ìtàn, níbi tí òógùn kì í gbẹ, Candida lè dara pọ̀ mọ́ psoriasis, ìyẹn sì yẹ kí wọ́n tọ́jú lọ́tọ̀.

HIV pẹ̀lú lè mú kí psoriasis yọ lójijì tàbí kó le kọjá àlà. Bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ìdí nìyẹn. Kò fi yín wọ́lẹ̀.

Ní ti àwọn ìwádìí tó ń ka gbogbo kòkòrò orí awọ, èsì wọn kò bára mu. Èyí rí Streptococcus púpọ̀, ìyẹn rí Staphylococcus. Ọ̀nà tí wọ́n gbà mú kòkòrò ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀: ohun tí òwú á gbé lórí awọ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n á rí bí wọ́n bá gé ẹran awọ díẹ̀. Ìgbúnwọ́ náà yàtọ̀ sí abíyá. Àti pé ìpẹ́ tó nípọn jẹ́ ilé mìíràn fún kòkòrò, wọ́n lè kó wọ ibẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀.

## Kí ló dé tí kírímù làpálàpá fi jọ pé ó ṣiṣẹ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kírímù alápapọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri, láti ọjà Agbẹ̀nì títí dé ẹnu ọ̀nà wa, sábà máa ń ní oògùn mẹ́ta nínú: apa-fọ́ńgọ́ọ̀sì, apa-bakitéríà, àti steroid tó le bíi clobetasol tàbí betamethasone. Bí wọ́n bá fi pa psoriasis, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìpẹ́ á fúyẹ́, yíyún á dáwọ́ dúró. Aláìsàn á ní kòkòrò ti kú. Steroid ló ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé ó ń dá fèrè dúró. Oògùn méjì yòókù kò rí nǹkan kan ṣe.

Bó bá fi í sílẹ̀, psoriasis á padà wá, nígbà mìíràn á le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Á tún ra òmíràn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, awọ á fẹ́lẹ́, ilà á fà sí ìtàn àti abíyá, ojú ibẹ̀ á bó. Bó bá sì jẹ́ làpálàpá ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, steroid á pa àmì rẹ̀ mọ́, fọ́ńgọ́ọ̀sì á máa tàn lábẹ́lẹ̀, débi pé dókítà pàápàá lè má dá a mọ̀ mọ́. Ẹ ka ara páálí kírímù kí ẹ tó sanwó. Orúkọ tó bá parí sí "sone" tàbí "sol" lára rẹ̀, ẹ bi apòògùn bóyá steroid ni.

## Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí làpálàpá àti ẹ̀tẹ̀?

Etí làpálàpá ló máa ń ga, àárín rẹ̀ á máa mọ́ bó ti ń fẹ̀. Ìpẹ́ psoriasis máa ń nípọn káàkiri ojú rẹ̀, ó sì sábà máa ń wà lápá ọ̀tún àti òsì bákan náà, ìgbúnwọ́ méjèèjì, orúnkún méjèèjì. Bí èékánná tàbí orí bá tún bá a lọ, psoriasis ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ojú ẹ̀tẹ̀ sábà máa ń kú, bí ẹ bá fi òwú kàn án aláìsàn kò ní mọ̀. Ojú psoriasis ń mọ nǹkan lára dáadáa.

Àyẹ̀wò tó ń yanjú ọ̀rọ̀ làpálàpá kò le. Wọ́n á fi ẹ̀yìn abẹ ha ìpẹ́ díẹ̀ láti etí àmì náà sórí gíláàsì, wọ́n á kán omi potassium hydroxide 10 sí 20% sí i, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì awọ yọ́, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù. Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá wà, á hàn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó yapa. Ohun tó máa ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́ ni kí aláìsàn ti fi kírímù tó ní apa-fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú pa ibẹ̀ ṣáájú: fọ́ńgọ́ọ̀sì lè fara pamọ́, wọ́n á ní kò sí.

## Ṣé ó ń ràn?

Rárá. Ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, ẹ lè jọ sùn, ọkọ àti aya lè jọ wà pọ̀, ìyá lè fún ọmọ lọ́mú. Kò sí bí psoriasis ṣe lè ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn.

## Kí ló yẹ ní ṣíṣe, kí ni kò yẹ?

Ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn tó le sílẹ̀. Ibi tí awọ bá ti ha tàbí tó gé, psoriasis tuntun lè hù síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 3. Ìdí nìyẹn tí gbẹ́rẹ́ fi léwu: ojú abẹ kọ̀ọ̀kan lè di ojú psoriasis. Ọṣẹ dúdú tí eérú inú rẹ̀ le pọ̀ jù náà máa ń gbẹ awọ. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ fi tówẹ̀lì tẹ omi ara, ẹ má fi nù ún gbọnrangbọnran, kí ẹ sì fi òrí tàbí Vaseline para láàárín ìṣẹ́jú 3 kí omi tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹ tún un pa lálẹ́.

Bí dókítà bá fún yín ní kírímù steroid, ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì. Èyí tí ẹ tẹ̀ láti oríkèé ìkẹyìn ìka ìlábẹ̀ dé orí rẹ̀ tó nǹkan bí ìlàjì gíráàmù, ó sì tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì àgbàlagbà. Ẹ má ra prednisolone tàbí dexamethasone, ìyẹn steroid oníhóró, lo fúnra yín. Bí ẹ bá dá a dúró, psoriasis lè tú jáde lójijì, kó di iléròrò kéékèèké tó ní ọyún nínú, tàbí kó bo gbogbo ara, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí.

Methotrexate, oògùn tó wọ́pọ̀ fún psoriasis tó le, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn tó ṣì í lò lójoojúmọ́ ti kú nítorí rẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan, kí ẹ kọ orúkọ ọjọ́ náà sára páálí. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ má mu paragá tàbí àgbo olọ́tí mọ́ ọn nítorí ẹ̀dọ̀, ẹ má sì lo Septrin pẹ̀lú rẹ̀: àwọn méjèèjì pa pọ̀ lè dá ẹ̀jẹ̀ ṣíṣe dúró nínú mùdùnmúdùn eegun. Bí egbò bá yọ lẹ́nu tàbí tí ara bá ń ṣẹ̀jẹ̀ láìnídìí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Àwọn oògùn tuntun, tí wọ́n wọ́n gan-an, ń di fèrè fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Níbí ni ọ̀rọ̀ kòkòrò tún ti padà wá, torí pé fèrè yẹn kan náà ni ara fi ń pe ọdẹ nígbà tí olè gidi bá dé. Ẹni tí wọ́n bá di TNF rẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn nínú ara rẹ̀ lè jí, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá di IL-17 rẹ̀, Candida lè yọ lẹ́nu rẹ̀, ahọ́n á funfun. Ìyẹn ní ìtọ́jú.

Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń rí sí awọ ara. Bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, tàbí sọ́dọ̀ dókítà awọ mìíràn, ẹ kó gbogbo kírímù àti oògùn tí ẹ ti lò dání pẹ̀lú páálí wọn, títí kan oògùn ibà bíi chloroquine àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi propranolol, nítorí pé àwọn náà lè mú psoriasis le. Ẹ sọ ọjọ́ tí ọ̀fun dùn yín gbẹ̀yìn àti ọjọ́ tí àmì àkọ́kọ́ yọ. Ẹ má kun èékánná, ẹ má sì pa nǹkan kan sójú psoriasis náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí dókítà lè rí ìpẹ́ bó ṣe wà.